Ìwé Òkú Lára Géètì

Dolni Yasen, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì, 2012

Zorka ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Sípéènì kò bá ọ jà? Èmi wà bí ajá àtijọ́: mo ṣì ń gbó, eyín ni kò sí mọ́.

Kí n tó sọ ohunkóhun, gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Mo ti kó àwọn ohun èlò fíìmù rẹ jọ, wọ́n sì burú débi pé nígbà tí mo tẹ́ wọn sí àgbàlá, èèyàn mẹ́ta ló dákú. Àlùfáà Metodi gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ, kò dúró mú fìlà.

Ó dáa, kì í ṣe èèyàn mẹ́ta. Ẹnì kan ni, Tsonka aládùúgbò wa, òun náà kò sì dákú. Ó jókòó ni, nítorí orúnkún rẹ̀. Ó wo ẹrù náà títí, ó ní ṣé mo fẹ́ kó wọn dànù ni, kí n fún òun ní korobá yẹn. Ní ti àlùfáà, kò tíì débí láti ọjọ́ Kérésì. Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí. Bí mi ò bá fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀, kì í dùn lẹ́nu mi.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta, mo wá rántí wọ awò ojú, mo tún un kà. Ó wá yé mi pé ẹ̀yin mẹ́rin ni ẹ fẹ́ ṣe fíìmù adẹ́rùbani, pé owó ọwọ́ yín kò tó ra bàtà, àti pé kí n wá inú ilé fún àwọn nǹkan àtijọ́ tó lè já èèyàn láyà. Ó dáa, gbọ́ bí mo ṣe bá ọ wá wọn.

O ní o fẹ́ agbárí. Kò sí. Àwọn tó ni agbárí lábúlé yìí ṣì wà nídìí tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan kò fi ṣe nǹkan kan. Dòjé gbọọrọ ti bàbá mi wà, ó ti dípẹtà dáadáa, mo fi aṣọ wé e. Fọ́tò ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, mo fi ti àbúrò bàbá mi ránṣẹ́, èyí tó ní irùnmú ńlá. Nígbà ayé rẹ̀, kò sí obìnrin tí kò mọ̀ ọ́n láti ibí dé etí odò, ṣùgbọ́n gbogbo wọn náà ti kú, nítorí náà ó tó bí o ṣe fẹ́.

Ọmọlángidi tó fọ́ lójú: mo rí tìrẹ, èyí tí ìyá rẹ rán aṣọ pupa fún. Ojú rẹ̀ méjèèjì ṣì wà. Mo mú ìṣó kí n yọ ọ̀kan bí o ṣe ní kí n ṣe. Ó ń wò mí. Mo gbé ìṣó sílẹ̀. Bí Ximo tó ń ya fíìmù yín bá láyà, kó yọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Jígí tó sán: jígí kan ṣoṣo ló wà nínú ilé yìí, èyí tó wà ní yàrá. Ìyẹn kò ní í kúrò níbẹ̀. Má bi mí ìdí.

Ní ti ìtàn fíìmù náà, o ní obìnrin kan padà sí abúlé rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni nílé, síbẹ̀ láràárọ̀ ló ń bá búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà. Zorka, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rù. Dolni Yasen nìyẹn. Àwa mọ́kànlá ló kù. Búrẹ́dì ń dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, yálà a wà láàyè tàbí a ò sí. Bí èèyàn bá rìn láti kànga dé ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n tì pa, tó ń ka ìwé òkú onífọ́tò tó wà lára géètì kọ̀ọ̀kan, á rí i pé àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lára géètì ju àwọn tó ń wúkọ́ nínú ilé lọ.

Kí ló dé tí ẹ ò kúkú wá yà á níbí? Ilé wà, kànga wà, ẹ̀rù wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó di ọdún mẹ́fà báyìí tí o ti gba géètì yìí jáde. Tsonka ní kí n má kọ ìyẹn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti kọ ọ́.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ló ń mú ẹrù náà bọ̀. Fún un ní kọfí.

Èmi ni bàbá rẹ, ọkùnrin tó rẹwà jù lábúlé yìí (àwa mẹ́rin ló kù),
Gencho


Valencia, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta, 2012

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú òtútù. Ẹ bá mi kí Àǹtí Tsonka àti orúnkún wọn.

Ẹrù dé. Awakọ̀ kò fẹ́ kọfí, ó fẹ́ bú mi. Ó ní nítorí dòjé yín, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi dá bọ́ọ̀sì dúró ní ẹnubodè, wọ́n ń bi òun pé ta ni òun fẹ́ lọ pa.

Bàbá, ẹ ṣeun. Mo mọ̀ pé ẹ wá gbogbo inú àjà. Ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́. Ximo tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, ó tan iná sí i láti òkè, ó tan án láti ẹ̀gbẹ́, ó gbé iná sísàlẹ̀. Ó ní ó dà bí ibi tí wọ́n ti ń ta àlòkù. Kò sẹ́ni tó láyà láti yọ ojú ọmọlángidi. Orí ibùsùn mi ló wà báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, kí ẹ má fi ṣẹ̀fẹ̀. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti ń fọ aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì. Ọjọ́ Àìkú nìkan la fi ń ya fíìmù. Ìparí oṣù kẹfà la gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ sí ìdíje kan. Bí wọ́n bá mú un, wọ́n á ràn wá lọ́wọ́ ká ṣe èyí tó gùn. Bí wọn ò bá mú un, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí, ojú á tì mí láti tún máa bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n wá fi ọjọ́ ìsinmi wọn dúró níwájú kámẹ́rà. Màá gbà pé aṣọ fífọ̀ ni tèmi.

Ximo bi mí pé èmi fúnra mi, kí ló já mi láyà jù rí. Mo fẹ́ sọ pé aláǹtakùn. Mo wá rí i pé irọ́ ni.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe pè mí. Ẹ ní, "Ara ìyá rẹ kò yá, tètè máa bọ̀." Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó sínú bọ́ọ̀sì. Mo ra ìborùn aláwọ̀ ewé fún wọn lọ́nà, mo ń ro irú ọbẹ̀ tí màá sè fún wọn. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gun òkè, mo rí Màmá lára géètì nínú ìlà dúdú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi. Orúkọ wọn, ọdún tí a bí wọn, ọdún tí wọ́n kú. Ẹ ti sin wọ́n lọ́jọ́ tó ṣáájú. Wọ́n ti kú nígbà tí ẹ ń pè mí, Bàbá. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nílé wa, pé a kì í sọ òkú fún ẹni tó máa rin ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n ìwé ló sọ fún mi. Kì í ṣe ẹ̀yin.

Nítorí náà, irú ìwé yẹn ni mo fẹ́. Ẹ bá mi tẹ ọ̀kan nílùú. Kí ẹ fi orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ sí i, àti fọ́tò àtijọ́ èyíkéyìí. Kí ìlà dúdú rẹ̀ nípọn.

Ẹ má sọ pé kí n wá yà á nílé. Mi ò tíì lè wo géètì yẹn. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ yọ fóònù tí mo rà fún yín kúrò nínú àpò ìyẹ̀fun. Àǹtí Tsonka ti sọ fún mi.

Ọmọ yín,
Zorka


Dolni Yasen, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin, 2012

Zorka mi,

Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ti wọlé, Tsonka ti ń ka ẹyin tó máa pa láró. Èmi ń bá a kà, ó ní kí n gbọ́wọ́ kúrò.

Mo ka lẹ́tà rẹ. Apá kan wà níbẹ̀ tí mo kà lẹ́ẹ̀kan, mi ò tún padà síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe pe bàbá mi láti ibùdó ológun, pé ara ìyá rẹ̀ kò yá. Ohun tí wọ́n ṣe fún un ni mo ṣe fún ọ. Lójú mi, oore ni: kí o tún ní ìyá fún ọjọ́ méjì sí i. Bóyá oore náà kò dára. Jẹ́ ká lọ sílùú.

Mo wọ aṣọ ìsìn mi, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo dé ilé ìtẹ̀wé. Ọmọbìnrin kan wà nídìí ẹ̀rọ, ó ń jẹ bisikíìtì. Ó ti fajú ro kí n tó jókòó, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn.

Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ta ló kú?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú."

Ó ní, "A kì í tẹ̀ ẹ́ fún kò sẹ́ni."

Mo ṣàlàyé pé fíìmù ni, pé ọmọ mi ló ń ṣe é ní Sípéènì. Ó wò mí bí ẹni tí iná ilé rẹ̀ ń kú lọ. Ó ní kí n mú fọ́tò wá. Mo na ọwọ́ sápò: mo ti gbàgbé fọ́tò sórí tábìlì nílé. Káàdì ìdánimọ̀ mi nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Mo ní kó lo ti orí rẹ̀, ojú èèyàn ṣá ni ojú èèyàn. Ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin gan-an lẹ kú ni?" Mo ní wọn ò tíì sọ fún mi.

Mo wá fẹ́ kí ó kọ ọ̀rọ̀ ìyìn sí i: arẹwà ọkùnrin, ọlọ́gbọ́n, ẹni tí gbogbo opó àdúgbò ń sunkún rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà nínú ẹ̀rọ, kí n mú ọ̀kan. Mo mú "Pẹ̀lú ìrora ńlá," torí ó jọ orúnkún Tsonka. Mo sọ orúkọ tí mo ti ronú fún un, Spiridon Kalchev, orúkọ tó ní àgbàdo àti ẹṣin lẹ́yìn. Ó ní ó ti gbọ́. Ó ní ogún ni wọ́n ń tẹ̀, wọn kì í tẹ̀ dín ní ogún, nítorí òkú máa ń ní ẹbí.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti tú u. Ìlà dúdú nípọn bí o ṣe fẹ́. Ojú mi wà láàárín rẹ̀. Lábẹ́ ojú mi, ó kọ ọ́ gàdàgbà: Gencho Marinov Tsolov, 1938–2012. Orí káàdì ló ti dà á kọ. Obìnrin tó jókòó tì mí wo ìwé, ó wò mí, ó dìde lọ jókòó sẹ́yìn.

Ǹ bá padà lọ, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì kò sí títí di ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ mímọ́ sì rèé. Mo ń fi méjì ránṣẹ́ sí ọ. Fi yíǹkì pa orúkọ náà rẹ́. Má fòyà nígbà tí o bá ṣí i: mo wà láàyè, mo ń jẹ ẹ̀wà. Zorka, mo sì rẹwà nínú rẹ̀ jù bí mo ṣe rẹwà níta lọ. Ó ń ṣe mí bíi kí n wo bí ó ṣe máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá rẹ. Tirẹ̀ ṣì wà lára géètì. Òòrùn ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ó ku ẹ̀rín.

Olóògbé Gencho


Dolni Yasen, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin, 2012

Zorka, mo wà láàyè. Mo kọ ọ́ sókè pátápátá kí o lè rí i kí o tó jókòó.

Láàárọ̀ àná, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìyẹ̀fun tí a fi omi gbígbóná rò ṣì lè mú ìwé dúró, kí n lè kọ ọ́ fún yín. Mo lẹ̀ ọ̀kan mọ́ géètì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá rẹ. Mo wọlé, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, oorun gbé mi lọ.

Nígbà tí mo jí, àgbàlá ti kún. Gbogbo abúlé ló wà níbẹ̀, àwọn mẹ́wàá tó kù, pẹ̀lú àbẹ́là àti àlìkámà bíbọ̀ ti ìsìnkú, tí wọ́n fi ṣúgà sí. Ẹyin pupa wà lọ́wọ́ Tsonka, aró ń kán sí aṣọ rẹ̀, ó ń sunkún. Àlùfáà Metodi náà dé, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Kérésì. Mo yọjú pẹ̀lú ṣòkòtò ìsàlẹ̀, mo bi wọ́n pé ta ló kú. Metodi ní, "Gencho, ọjọ́ Àìkú la ń retí àjíǹde, ìwọ kọ́ la sì ń retí." Tsonka fi ṣíbí tó fi ń bu àlìkámà lù mí lórí, ó lù mí léjìká, ó wá dì mọ́ mi, ó tún lù mí.

Ìyẹn ni apá tó dùn. Èyí tí kò dùn ni pé ó ti pè ọ́ kí n tó jí. Ó sọ fún ọ bí a ṣe ń sọ ọ́ níbí, pé ara bàbá rẹ kò yá, kí o tètè máa bọ̀. Ó ti tán kí n tó mọ̀. A ń pè ọ́ padà láti àná, fóònù rẹ kò dún.

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ ní Valencia, rẹ́rìn-ín. Bí kò bá bá ọ, á jẹ́ pé o ti wà lọ́nà, géètì ni o máa kọ́kọ́ rí. Mo gbìyànjú láti họ ìwé náà kúrò. Kò ṣí. Ìyá rẹ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ro ìyẹ̀fun yẹn. Etí ìwé tèmi sì ti gorí etí tirẹ̀. Bí mo bá fi ọ̀bẹ sí i, èmi àti òun la jọ máa ya. Nítorí náà mo ti gbé àga síwájú géètì, mo jókòó, ẹ̀yìn mi ni mo fi bò ó. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Mi ò ní í kúrò níbẹ̀ títí o máa fi dé, kí o lè kọ́kọ́ rí èmi.

Bàbá rẹ


Valencia, ogúnjọ́ oṣù karùn-ún, 2012

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ kú ewu àjíǹde.

Abẹ́ ilẹ̀kùn ni mo bá lẹ́tà yín méjèèjì nígbà tí a padà dé. Mo kà wọ́n tẹ̀léra, mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tó wà ní yàrá kejì fi kan ògiri. Inú ṣì ń bí mi.

Ẹ máa ń sọ pé kí n sọ tèmi. Ó dáa. Nígbà tí Àǹtí Tsonka sọ pé ara yín kò yá, kí n tètè máa bọ̀, mi ò bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Mo ti mọ èdè yẹn. Mo pa fóònù, torí n ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi parí ọ̀rọ̀ náà. Ximo ní òun ò ní í jẹ́ kí n dá lọ, ó gbé àpò kámẹ́rà kọ́ èjìká bí ẹni pé ọ̀nà ibi iṣẹ́ ló ń lọ. Fún ọjọ́ méjì mi ò jẹun. Mo ń ka àwọn lẹ́tà tí mo jẹ yín láìdáhùn sínú ara mi.

A gun òkè. Mo ti pinnu pé màá máa wo ilẹ̀ títí màá fi kọjá géètì. Mo gbójú sókè, mo rí fọ́tò yín nínú ìlà dúdú. Mo rí yín lábẹ́ rẹ̀ lórí àga, ẹ dorí kodò, fìlà ti bo ojú yín, ọwọ́ yín rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rò pé wọ́n gbé yín síta kí n lè bá yín. Mo fọwọ́ kan ọwọ́ yín, ó tutù. Ẹ wá ṣí ojú kan, ẹ ní, "O pẹ́ kí o tó dé. Ẹyin ti tutù."

Mo fi báàgì lù yín. Bí mo bá débẹ̀ lónìí, màá tún fi lù yín.

Mo wá wo géètì náà, Bàbá, nítorí pé ẹ ń sá fún báàgì, ojú mi sì ń tẹ̀lé yín. Mo wò ó dáadáa, ẹ̀yin àti Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín, ìyẹ̀fun gbígbẹ láàárín. Mo ti ń bẹ̀rù rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà. Ìwé ni.

Ximo ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bi mí bóyá a lè lo àga náà. Ẹ mọ ìyókù, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ torí ó ń dùn mọ́ mi: àwa tá a fi oṣù mẹ́ta wá agbárí, ọjọ́ mẹ́jọ la fi ya gbogbo fíìmù pẹ̀lú àga kan, ìwé kan, àwo àlìkámà àti àbẹ́là Àǹtí Tsonka. A ní kí Àǹtí sunkún, wọ́n ní àwọn ti sun ún tán lọ́jọ́bọ̀, kí a lọ wá ẹlòmíràn. Nígbà tá a gbé kámẹ́rà kúrò lójú wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Jígí náà. Nígbà tí a nílò jígí, mo wọ yàrá, mo bá aṣọ tí ẹ fi bò ó lọ́jọ́ tí Màmá kú. Ọdún mẹ́fà ni ẹ fi ń fá irùngbọ̀n láìrí ojú ara yín. Mo bi yín bóyá kí n ṣí i, ẹ ní tí kámẹ́rà bá fẹ́. Mo ṣí i. Ẹ wo inú rẹ̀, ẹ ní, "Ta ni bàbá yìí? Ẹ fún un lága." Ìyẹn kò sí nínú fíìmù. Mo ní kí Ximo má yà á.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Nígbà tí mò ń lọ, Àǹtí Tsonka sọ fún mi pé abẹ́ fèrèsé yín ni àwọn jókòó sí nígbà tí àwọn ń pè mí, àti pé aṣọ fèrèsé náà mì. Ẹ ní ẹ ń sùn. Bàbá, ṣé ẹ ń sùn?

Zorka


Dolni Yasen, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà, 2012

Zorka mi,

A dúpẹ́, gbogbo wa wà, mọ́kànlá gégé. Ewúrẹ́ Tsonka wọlé jẹ ìwé òkú mẹ́tàdínlógún tó kù. Kò kú. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé èmi ni mo wà nínú wàrà tí a ń jẹ báyìí.

Géètì ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Òjò ti ń fọ ojú mi lọ díẹ̀díẹ̀. Metodi ń kọjá, ó ń kí ìwé, kò kí mi.

Ximo yẹn, ṣé ó ti níyàwó? Mo kàn ń béèrè ni. Ó tún okùn kànga ṣe láìjẹ́ pé a rán an. Kò gbọ́ èdè wa, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bi í bóyá ó fẹ́ràn ẹ̀wà.

Tsonka ní kí n bi ọ́ bóyá ojú òun tóbi nínú fíìmù. Mo ní ó tóbi níta náà. Kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ní ti aṣọ fèrèsé, ológbò ni.

Bàbá rẹ tó ti jíǹde,
Gencho


Valencia, ọjọ́ kẹjọ oṣù keje, 2012

Bàbá mi,

Wọ́n mú un. Igba fíìmù ni wọ́n fi ránṣẹ́, mẹ́wàá ni wọ́n mú, tiwa wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ bi wá pé ibo la ti yá bàbá orí àga yẹn. Wọ́n máa ràn wá lọ́wọ́ lórí èyí tó gùn. Mo wà níbi iṣẹ́ nígbà tí ìròyìn dé. Mo jókòó sórí òkè aṣọ ibùsùn.

Abúlé la ti máa ya èyí tó gùn náà. A ń bọ̀ ní oṣù kẹjọ, èmi àti Ximo. A ó kọ́kọ́ fi ti àkọ́kọ́ hàn yín lára ògiri ilé ẹ̀kọ́. Kò níyàwó. Ó fẹ́ràn ẹ̀wà.

Bàbá, ẹ ò ní ológbò.

Zorka


Dolni Yasen, ọjọ́ kejìlélógún oṣù keje, 2012

Zorka ọmọ mi,

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, mo kà á sókè lẹ́bàá kànga, gbogbo wa sì mu ọtí ràkíyà sí i, títí kan Metodi, tó ní kí afẹ́fẹ́ má bàa bá òun jà ni. Tsonka ti dárí jì mí. Ó ti ra ọ̀dà ètè. Mo bi í bóyá ti géètì ni, ó tún ti gba ìdáríjì náà padà.

Àwa ọkùnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kun ògiri ilé ẹ̀kọ́ ní funfun. Ọ̀kan di àkàbà mú, ọ̀kan kun ún, àwa méjì tó kù ń sọ fún un pé ibẹ̀ yẹn kò kàn án. Mo ti gbé àga jáde sílẹ̀, mọ́kànlá, mo fi méjì kún un. Àga tó wà nínú fíìmù, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e mọ́. Ó ti di gbajúmọ̀.

Mo ń fá irùngbọ̀n níwájú jígí báyìí. Mi ò gé ara mi mọ́. Bàbá inú ibẹ̀ kò burú bí mo ṣe rò.

Ní ti ológbò.

Mi ò sùn. Mo lẹ̀ ìwé náà mọ́ géètì, mo wọlé, mo dúró sẹ́yìn aṣọ fèrèsé láti gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ nípa mi. Títí dé ibẹ̀, eré ni. Tsonka ló kọ́kọ́ wọlé. Ó jókòó sábẹ́ fèrèsé, ó yọ fóònù. Mo gbọ́ nígbà tó ní, "Zorka, ara bàbá rẹ kò yá, tètè máa bọ̀." Mo mọ ohun tí o máa gbọ́ nínú rẹ̀, nítorí èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ọ. Ọwọ́ mi wà lára fèrèsé. Ó ku kí n tì í ṣí. Mo gbọ́ tí Tsonka ń pe orúkọ rẹ sínú fóònù tí o ti pa. Mi ò ṣí i.

Mo fẹ́ kí o wá sílé.

Bàbá rẹ,
Gencho